Òjìji Mi Lórí Àpáta Igbó Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, torí òfófó ló wà lẹ́nu mi lónìí, tara mi ni mo sì fẹ́ ṣe, kì í ṣe ti aládùúgbò. Èmi Àwẹ̀ró, ọmọ Ọdẹ́wálé ọdẹ Ìdí-Àpáta, mo wọ Igbó Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ tí àwọn iwin ń gbé, mo bá ẹ̀dá tó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn sọ̀rọ̀, mo sì padà délé láàyè. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó gbọ́ ọ tán ná kó tó bú mi.

Ohun tó gbé mi lọ nìyí. Ìyá mi ò mọ̀ mí mọ́. Ara ẹ̀ le, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ ti lọ bí ẹyẹ tó fi ìtẹ́ sílẹ̀ tí ò dágbére. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń di irun ẹ̀, tí mo bá ṣe tán, á ní, "Ẹ ṣeun o, màámi. Ọmọ ta ni yín?" Bàbá mi ti kú, èmi nìkan ni wọ́n bí, mi ò sì bímọ. Èèyàn méjì là ń gbé nínú ilé yẹn, ẹ gbọ́, síbẹ̀ mo dá wà. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àwẹ̀ró mọ́. Orúkọ mi wá dà bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, tí ẹni tó ni ín ti kó kúrò ládùúgbò.

Ohun kan ṣoṣo ni Màámi ṣì ń rántí: òdòdó aláwọ̀ àlùkò kan tí bàbá mi máa ń ròyìn fún un nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà. Orí àpáta láàárín igbó yẹn ló wà, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń tanná, kì í sì í pẹ́ rọ. Bàbá mi ní òun ò ní já a wálé, òun máa mú Màámi lọ wò ó ni. Ikú ò jẹ́. Láràárọ̀ ni Màámi á ní, "Ṣé ó ti tanná?" Mo wá sọ fún ara mi pé tí mo bá ya fótò ẹ̀ wá, kó hàn kedere, bóyá iyè ẹ̀ á sọ, bóyá á wò mí, á pè mí lórúkọ. Àní ẹ̀ẹ̀kan péré.

Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe dá, mo fi Màámi sọ́dọ̀ Ìyá Tinúadé, aládùúgbò wa. Ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó ní, "Ọmọ ọdẹ, àwọn ọdẹ ń gbé ìbọn wọgbó, ìwọ gbé fóònù. Tí iwin bá yọ sí ẹ, ṣé wàá ní kó rẹ́rìn-ín ni?"

Mo ní, "Tí ò bá rẹ́rìn-ín, mi ò ní yà á." A jọ rẹ́rìn-ín, mo bá mú ọ̀nà igbó pọ̀n.

Igbó yẹn dákẹ́, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ó dákẹ́ bí ilé tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó dákẹ́ bí ààrò tí wọn ò dáná sí mọ́. Àwọn igi ibẹ̀ forí kora lókè bí àgbààgbà tó ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòókòó. Bàbá mi kọ́ mi pé ọdẹ tó bá wọ igbó tí ò mọ̀ á máa ṣẹ́ ẹ̀ka sójú ọ̀nà, kó lè rí ọ̀nà padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe: mo rìn díẹ̀, mo ṣẹ́ kan, mo tún rìn díẹ̀, mo tún ṣẹ́ kan. Àfi bí mo ṣe gbọ́ lẹ́yìn mi: "Ìwọ obìnrin yìí, ọwọ́ àwọn ọmọ mi lò ń ṣẹ́ kiri yẹn!"

Mo yíjú. Ha! Ẹ̀dá kan ló dúró, ó ga bí ìrókò, koríko tútù ni irùngbọ̀n ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń rìn, jẹ́jẹ́ bí ológbò, ó wá ká ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka tí mo ti ṣẹ́ ló pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ tuntun.

Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ọmọ ọdẹ ni mí, bá a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn."

"Mo mọ bàbá ẹ," ló wí. "Igbó ibòmíì ló ti ń ṣẹ́ ẹ̀ka. Tó bá dé ibí, ẹ̀yìn ló máa ń bojú wò bó ṣe ń lọ, torí ojú ọ̀nà àlọ kọ́ lojú ọ̀nà àbọ̀. Ṣé kò kọ́ ẹ nìyẹn ni?"

"Ikú ò jẹ́ kó kọ́ mi tán, bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Afẹsẹ̀kọ́rùn ni mí. Èmi ni mò ń ṣọ́ òdòdó orí àpáta. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ya fótò ẹ̀, ṣe ló dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn òdòdó bí ẹni rí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kejì ya tiẹ̀ tán, ó já a, kẹ́lòmíì má baà rí irú ẹ̀ yà. Ìwọ ńkọ́? Dá mi lóhùn: kí lèèyàn lè mú lọ nílé onílé tí kò ní dín lọ́wọ́ onílé?"

Mo ronú títí. Ó ní, "Ṣé o ti sùn ni? Àbí fóònù ló máa bá ẹ dáhùn?"

Mo ní, "Orúkọ ni, bàbá. Tí mo bá ń pè yín ní Afẹsẹ̀kọ́rùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, orúkọ yín ò ní gbó, ò sì ní tán. Ẹni tí wọn ò pe tiẹ̀ mọ́ ló mọ̀."

Ó na àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan láti ọrùn, ó fi júwe ọ̀nà. "Máa lọ. Ojú ni kó o fi mú un. Má fọwọ́ kan nǹkan, má tẹ nǹkan."

Mò ń lọ, mò ń bojú wẹ̀yìn, títí mo fi dé àpáta. Ẹyọ òdòdó kan ṣoṣo ló tanná. Òun nìkan ló dá dúró láàárín àpáta, ó ń dán bí ìyẹ́ àlùkò. Àwọn èéhù kéékèèké ló yí i ká, nínú erùpẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bí awọ ẹyin, kò síbi téèyàn lè fẹsẹ̀ lé. Mo na fóònù títí, òdòdó kéré bí ojú eèrà. Mo fà á sún mọ́ lójú fóònù, ó di bàìbàì. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré, màá rí i kedere. Afẹsẹ̀kọ́rùn ò sí nítòsí. Mo gbẹ́sẹ̀ sókè. Mò ń gbọ́ ohùn Màámi lọ́kàn mi, tó ń pe Àwẹ̀ró, bó ṣe máa ń pè é tẹ́lẹ̀.

Mo dá ẹsẹ̀ yẹn padà. Mo sunkún, kí n má parọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn mi, òjìji mi gùn lọ sórí àpáta, ó gba orí àwọn èéhù kọjá, ó sì dé ìdí òdòdó. Òjìji kì í tẹ nǹkan pa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà á, òun àti òjìji mi.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Tinúadé wo fótò náà, ó ní, "Ṣé èyí ni? Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ! Èmi ì bá ti rìn lọ bá a títí dé ìdí ẹ̀!"

Mo gbé e fún Màámi. Ó wò ó pẹ́, ṣùgbọ́n kò wo òdòdó. Òjìji mi ló nàka sí, ibi tí orí ti fì sápá òsì díẹ̀ bí mo ṣe máa ń dúró láti kékeré. Ó ní, "Àwẹ̀ró nìyí."

Mo fọwọ́ kan àyà mi. "Èmi nìyí, Màámi."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, màámi. Ẹ wò ó, kò tẹ àwọn ọmọ òdòdó yẹn. Ọmọ bàbá ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́nà, ẹ ní kó tètè máa bọ̀ nílé, ilẹ̀ ti ń ṣú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó bá wù yín, ẹ wò ó láti ibi tí kò ti ní kú. Tí ẹ bá fẹ́ ya òdòdó ìgbẹ́, ẹ dúró lójú ọ̀nà, ẹ má tu koríko ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá a níbẹ̀. Ó pè mí lórúkọ, àmọ́ kì í ṣe èmi tí mo jókòó tì í ló pè. Ká ní mo tẹ àwọn èéhù yẹn kọjá ńkọ́, tí òdòdó hàn kedere, ṣé ojú mi ni ì bá wò tí ì bá fi pè mí? Mi ò mọ̀. Ẹ sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́: ká ní ẹ̀yin lẹ gbẹ́sẹ̀ sókè níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rí yín, ṣé ẹ̀yin á dá a padà?