Òkun Kan Leonilde

Nílẹ̀ Potogí, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì fẹ́ jọ ṣèjọba. Abílio, olórí ẹgbẹ́ ńlá, sọ fún Leonilde, opó tó ń darí ẹgbẹ́ kékeré, pé, "Ìwọ tó kéré ni kó o pín ipò mínísítà sọ́nà méjì. Èmi àgbà ni màá kọ́kọ́ mú." Leonilde kó ipò mínísítà owó, ọmọ ogun àti ọlọ́pàá sápá kan, ó fi ti òkun nìkan sápá kejì, ló bá bú sẹ́kún, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí òkun kàn mí o!" Abílio rẹ́rìn-ín, ó gbé apá tó sanra. Òkun gan-an sì ni Leonilde ń wá. Kó tó pé ọdún kan, ìjọba náà tú. Ọkọ̀ tí Leonilde rà láti máa yọ àwọn apẹja nínú ìjì nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọgbọ́n ni ẹkún ọjọ́ yẹn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irọ́: òkun náà ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ.