Ọmọ Tó Ní Orúkọ Mẹ́ta

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi ta gìrì, ó ta gìrì, ó sáré wọ inú ẹ̀gàn, ó ń wá ọmọ.

Ní ayé àtijọ́, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó bí ọmọ méjì, méjèèjì kú. Nígbà tó bí ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ìyálé rẹ̀ sọ ọ́ ní Àrìnpé. Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní Yéjídé. Oníkálukú ń pe orúkọ tó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú un lọ ká ilá lóko. Àwẹ̀ró gbé ọmọ jókòó sábẹ́ igi. Ó ká ilá, ó ká ilá, ó ká ilá. Ó wẹ̀yìn. Kò rí ọmọ.

"Yéè! Ọmọ mi dà?"

Ó ké: "Málọmọ́!" Ìyálé ké: "Àrìnpé!" Ìyá ọkọ ké: "Yéjídé!" Igbó ò dáhùn. Oòrùn ń lọ.

Àwẹ̀ró bẹ ìyá ọkọ rẹ̀: "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kó lè gbọ́ ohùn mi!"

"Kí n dákẹ́ kẹ̀? Ṣé ìwọ nìkan lo lọ́mọ ni?"

Ìyálé ní: "Ṣebí ìwọ lo fi ọmọ sílẹ̀ torí ilá."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àdàbà kan sọ̀rọ̀ lórí igi: "Mo rí ọmọ yín. Ó di etí méjèèjì. Ó ní àwọn kan ń jà, wọ́n ń lé ọmọ mẹ́ta kiri. Bí ẹ ṣe ń ké ló ń wọgbó lọ."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ gbà mí. Ẹ jẹ́ ká kó orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú orin kan. Kí ẹnì kan lé e, kí àwọn yòókù gbè é."

"Orúkọ ta ni yóò ṣáájú?" Ìyálé ló bi í.

"Ti ìyá àgbà. Kí tiyín tẹ̀ lé e. Kí tèmi kẹ́yìn."

Yéjídé o, yà wálé.
*Wá o, ọmọ wa, wá.*
Àrìnpé o, ọbẹ̀ ti jinná.
*Wá o, ọmọ wa, wá.*
Málọmọ́ o, ẹ̀yìn mi ṣófo.
*Wá o, ọmọ wa, wá.*

Lẹ́ẹ̀kìíní, ìyálé sáré ju orin lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ikọ́ gbé ìyá àgbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn wọn bára mu. Ewé mì. Ọmọ yọrí.

"Ṣé èmi nìkan ni gbogbo yín ń pè?"

Àwẹ̀ró pọ̀n ọ́n. Ó so ọ̀já, ó tún un so, ó tún un so.

Ìyá àgbà ní: "Ohùn wa rẹ́ pọ̀ lónìí." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ìrẹ́pọ̀ ti wà lẹ́nu ènìyàn. Ohùn mẹ́ta ò di ọ̀kan o. Wọ́n fún ara wọn láyè ni.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí àwa tí a jọ fẹ́ràn ọmọ má fi ariwo wa lé e sínú igbó. Ibi tí ààlọ́ mi ti gbé ọmọ wọlé nìyí.