Agbè Yèyé Abọ́sẹ̀dé

Odidi ọjọ́ márùn-ún kí ọdún Yèyé Abọ́sẹ̀dé tó pé ni oorun ti dá lójú Àwẹ̀ró. Agboolé ọkọ rẹ̀ ló kàn láti ru agbè lọ́dún náà, òun sì ni ìyàwó tó kéré jù níbẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé yìí ló gba ìlú Òkè-Ìsun là nígbà ọ̀dá. Òun ló rí ìsun nínú àpáta, agbè kan ṣoṣo ló sì fi ń pọnmi fún gbogbo wọn títí òjò fi rọ̀. Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan iṣu tuntun, obìnrin kan gbọ́dọ̀ fi agbè yẹn kan náà pọnmi wá sí ojúbọ rẹ̀, láìsọ̀rọ̀, láìwẹ̀yìn, kí tolórí tẹlẹ́mù tó tọ́ omi náà wò.

Kì í ṣe ọ̀nà àpáta ló ń já Àwẹ̀ró láyà. Lọ́dún tó kọjá, àkọ́bí rẹ̀ kú nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ìyàwó ilé sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gba nǹkan dúró. Bí omi bá wá dànù lórí rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọn á kúkú di òótọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó pọnmi ní ìsun, ó gbé agbè karí. Àwọn ará ìlú tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré kó dé ojúbọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta. Bó ṣe ń ṣubú, ó fa agbè mọ́ àyà, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì balẹ̀. Omi dà tán pátápátá.

"Yéè! Mo tún ti sọ ọ́ nù!"

"Ẹ ò rí i?" ni ìyálé rẹ̀ wí. "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Ẹfúntọ́lá, arúgbó tó ń tọ́jú ojúbọ, gba agbè náà. Ó yí i po, ó fi ìka kàn án, ó tẹ́tí sí i.

"Ẹ panu mọ́. Omi tí Yèyé pọn, àwọn baba ńlá yín ti mu ún tán lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ló wá fi sílẹ̀ fún wa?"

Ó gbé agbè náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Agbè yìí ni! Ìsun kò sì tíì gbẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ Àwẹ̀ró, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó wa, mẹ́ta ni èmi náà sin kí n tó rí èyí tó dúró. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Dìde, ká lọ pọn òmíràn."

Àwẹ̀ró mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbè nìkan nìyẹn. Ó sunkún títí ó fi dé ìsun, ṣùgbọ́n ó pọnmi, ó sì rù ú dé ojúbọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá bọ́ lọ́wọ́ abiyamọ tí ìyá sì wà láàyè, àwọn àgbà a máa pa á lówe pé omi ló dànù, agbè kò fọ́.