Ẹyin Ọká Tí Ọ̀bọ Kó Jọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn títí, ó bá Ọ̀bọ nílé, ọ̀gá àwọn tó mọ nǹkan kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Ní ìgbà kan rí, àwọn òyìnbó kan ní pápá gọ́ọ̀fù sí etí igbó. Wọ́n á fi ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù funfun kékeré, kó lè lọ bọ́ sínú ihò tó wà lókèèrè. Àwọn ẹranko ń yọjú wò wọ́n. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó lọ, eré náà di tẹranko. Bọ́ọ̀lù tó ti sọnù sínú igbó kò lóǹkà, kálukú sì ṣa tirẹ̀ lọ sílé. Awó rí ọ̀kan, ó sàba lé e, ó ní òun lòun yé e. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, torí ẹnu Awó kì í dákẹ́.

Ọdún kan wá dé, ọ̀dá dá, gbogbo odò gbẹ. Ìsun kan ṣoṣo ló kù. Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ni Erin, ọba wọn, bá kéde: "Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù. Kálukú, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tí tirẹ̀ bá súnmọ́ ihò jù lọ ni yóò máa pín omi títí òjò yóò fi dé."

Ọ̀bọ gbọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti rí ara rẹ̀ létí ìsun, tí gbogbo ẹranko tò síwájú rẹ̀, tí ẹni tó bá fẹ́ mu omi ń kọ́kọ́ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kalẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó lọ máa lá ìrì.

Ó rò ó pé bí òun nìkan bá ń rí bọ́ọ̀lù fi dánra wò, ta ni yóò bá òun dù ú? Ó gba ilé Ọ̀yà lọ.

"Ọ̀yà, ṣé bọ́ọ̀lù lo pe èyí tí o kó sílé yìí? O ò mọ̀ pé ẹyin ọká ni? Ìyá wọn ń bọ̀ wá wò wọ́n."

Ọ̀yà fò sẹ́yìn. "Mo gbé. Kí ni kí n ṣe, Bàbá Ọ̀bọ?"

"Kó wọn wá. Màá bá ọ sọ wọ́n nù. Torí rẹ ni mo ṣe ń fi ẹ̀mí mi wewu."

Ẹ ò rí aláàánú! Ilé dé ilé ló ṣe báyìí, títí bọ́ọ̀lù igbó fi kún inú àpò rẹ̀. Awó nìkan ló kọ̀. Ó ní òun mọ ohun tó jáde lára òun.

Ọ̀bọ gun orí òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù. Ó di eyín, ó fi gbogbo agbára sí i. Kí èyí tó balẹ̀, ó ti na òmíràn. Ihò wà níwájú gan-an, bọ́ọ̀lù ń yà sápá òsì. Ṣé Ọ̀bọ wò ó? Rárá. Ọ̀gá kì í wo ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀, bó ṣe dún ló ń gbọ́. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù mọ̀, apá òsì ni wọ́n kúkú jókòó sí dè é. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Orin ni wọ́n ń kọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀bọ gbá a, ó dún.
Gbàù!
Ó tún gbá a, ó dún.
Gbàù!
Níbo ló balẹ̀ sí?
Gbàù!
Ẹ má bi wá, ó ṣáà dún.
Gbàù!

Alágẹmọ náà fẹ́ dánra wò, kò rí bọ́ọ̀lù. Ó lọ bá Awó.

"Ìyá Awó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹyin yín."

Awó mí kanlẹ̀. "Máa gbé e lọ. Mo ti bẹ ọmọ yẹn títí, ó ní òun ò wáyé."

Bọ́ọ̀lù kan péré. Bí Alágẹmọ bá gbá a, àfi kó fẹsẹ̀ rìn lọ gbé e, ẹ sì mọ ìrìn Alágẹmọ. Kó tó débẹ̀, á ti rò ó dáadáa: kí ló dé tó fi yà? Ṣé ẹsẹ̀ òun ni, àbí ọwọ́? Lónìí, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò tún ṣe. Lọ́la, ó di ọwọ́. Ọ̀bọ rí i láti orí òkè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Alágẹmọ, ṣé bọ́ọ̀lù lò ń gbá ni, àbí ò ń sìn ín relé ọkọ?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ni Alágẹmọ wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ pé. Gbogbo ẹranko jókòó, ètè gbogbo wọn ti gbẹ. Bọ́ọ̀lù Awó nìkan ló wà nílẹ̀, òun náà ni wọ́n ń gbà gbá. Àwọn tí kò rí nǹkan fi dánra wò, koríko ni ọ̀pá wọn ń gé. Ó kan Alágẹmọ. Ó mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, ó gbá a wẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó balẹ̀, ó yí lọ dúró létí ihò.

Ó wá kan Ọ̀bọ. Ó di eyín, ó na apá, gbàù! Bọ́ọ̀lù yà sápá òsì, ó wọ igbó ẹ̀gún, ó di àwátì. Awó bú sẹ́kún.

Ẹ má dá Ọ̀bọ lẹ́bi. Ohun tó kọ́ ló ṣe. Bí wọ́n ṣe ń yà sápá òsì ló ti ń kọ́ látàárọ̀ ọjọ́, ó sì ti mọ̀ ọ́n dójú àmì.

Inú bí i. "Kábíyèsí, bọ́ọ̀lù yẹn ni kò dáa. Mo ní èyí tó dáa." Ìbínú ò jẹ́ kó ronú, ó fa àpò rẹ̀ yọ, ó dà á sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí dé ẹsẹ̀ gbogbo wọn.

Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan. "Bàbá Ọ̀bọ, ṣé ẹyin ọká wa kọ́ nìyí?"

Ọ̀bọ wo àwọn ìbátan rẹ̀ pé kí wọ́n gba òun. Apá òsì ni wọ́n ń wò.

Erin kò jágbe. Ó ní, "Alágẹmọ ni yóò máa pín omi. Gbogbo wa la ó máa mu tiwa kó tó kan ìwọ Ọ̀bọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀bọ ṣe ń dúró létí ìsun láàárọ̀, pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Alágẹmọ ń bu omi fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kò sì kánjú. Kó tó kan Ọ̀bọ, oòrùn ti wọ̀, ẹrẹ̀ ló kù.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e kalẹ̀ síwájú yín: ẹni tó ń ṣe nǹkan láṣetúnṣe tí kò wo ibi tó ti ṣì í, àṣìṣe ló ń kọ́ láàkọ́yé. Ẹni tó sì kó irinṣẹ́ mọ́ ọmọnìkejì lọ́wọ́ kò tíì mọ iṣẹ́.

Àjíbíkẹ́, ìwọ tí ò ń kàwé sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, kí ni èyí tí o kà láàárọ̀ sọ?

O ò rántí? Ó ṣáà dún. Ẹ lọ sùn.