Ìjókòó Aránfìlà

"Ẹ máa ṣe ìsìn yín lọ, Bàbá. Ẹnì kan ò lè dí ìjọ lọ́wọ́."

"Ọ̀rọ̀ àga yẹn ṣì ń dùn ọ́?"

"Àga tí bàbá mi jókòó sí títí ó fi kú! Ẹ wá gbé e fún àlejò."

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ò wá ṣọ́ọ̀ṣì, Oyèníran."

"Kó pé ọgbọ̀n."

"Ó dáa. Jókòó sórí àpótí yìí. Òun ò ní ẹni tó ni ín."

Alàgbà ìjọ, tó ránṣẹ́ pè é wá sílé rẹ̀, dúró kó jókòó tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan:

Ọkùnrin kan wà, Júù ni, aránfìlà ni, ní ìlú kékeré kan lórí òkè. Àwọn baba ńlá rẹ̀ sá wọ ìlú náà nígbà tí ọba kan lé wọn kúrò nílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń hun aṣọ òtútù, wọ́n rí jẹ, wọ́n sì fi òkúta kọ́ sínágọ́gù. Igba ọdún ni wọ́n fi gbàdúrà níbẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìjókòó tirẹ̀, baba ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú ńlá, títí ó fi ku ọkùnrin mọ́kànlá. Òfin wọn sì ni pé bí ọkùnrin ò bá pé mẹ́wàá, wọn ò ní ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ, ọmọ ò sì ní lè gba àdúrà àyájọ́ ikú baba rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi arúgbó tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì sí ìjókòó aránfìlà, kó lè sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Inú bí aránfìlà. Ó ní, "Wọ́n ṣì ku mẹ́wàá," ó bá lọ sílé. Kò mọ̀ pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá náà kó tọ ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá.

Ọjọ́ Sábáàtì mẹ́ta ni wọ́n fi wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ń yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n wá bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i." Ní Sábáàtì kẹrin, ẹnikẹ́ni ò wá.

Àyájọ́ ikú baba rẹ̀ dé. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló bá lẹ́nu ọ̀nà sínágọ́gù, Ìwé Mímọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ wé e láti gbé e lọ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe? Àyájọ́ bàbá mi lòní!"

"Mẹ́sàn-án la kù nígbà tó o lọ," arúgbó náà wí. "A ò pé mẹ́wàá mọ́. Ohun tá a wá sọ fún ọ nìyẹn."

"Mo ti dé! Ẹ kà mí mọ́ ọn!"

"Ẹni méjì míì tún ti kó lọ lánàá. Wọlé, ọmọ mi. Ìjókòó rẹ ṣófo. Gbogbo wọn ló ṣófo."

Alàgbà wá kọjú sí Oyèníran.

"Ìwọ ni mò ń bá wí. O ń ka àwọn tó kù, o ò ka ara rẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi, ìyàwó mi àti àlejò yẹn nìkan la kọrin. Lọ́la, àwọn aṣáájú àgbègbè ń bọ̀ wá kà wá. Bá ò bá pọ̀ tó, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ìgbà mélòó lo gbọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo rò pé ẹ wá..."

Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Mò ń bọ̀ lọ́la, Bàbá. Ṣùgbọ́n n ò ní kí àlejò yẹn o."