Tèmi Ló Ṣeé Tún Ṣe. Tiwa, Wíwò Ló Kù

"Tèmi ló ṣeé tún ṣe, tiwa, wíwò ló kù." Ẹnu àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni òwe yìí ti jáde, ó sì ti dé ẹnu àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà rárá. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Èmi mọ̀ ọ́n. Ó wù mí kí n má mọ̀ ọ́n.

Èmi àti Adéṣipẹ́ la jọ kọ ètò tí ilé ìwòsàn kan fi ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí akọ̀wé bá ṣí káàdì lórí kọ̀ǹpútà, òun nìkan ló dì í mú, ó sì lè kọ ohun tó bá fẹ́ sínú rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ tán, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ fún dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà á máa ka iye ọwọ́ tó di káàdì náà mú. Bí ọwọ́ bá ti ju ẹyọ kan lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yí ohunkóhun padà níbẹ̀, kí ẹnìkan má baà máa kọ ọ́ níbi tí ẹlòmíràn ti ń kà á. Ìgbà tí gbogbo ọwọ́ bá tú sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó ń pa á dé, tó ń gbé e pamọ́.

Àwọn dókítà wá ń ráhùn pé káàdì ń pẹ́ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Adéṣipẹ́ bá yí ètò padà: bí akọ̀wé bá ti kọ orúkọ báyìí, káàdì ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà kọ̀ fún un, nítorí ọwọ́ ti pọ̀ lára káàdì nígbà tí akọ̀wé kò tíì kọ ọ́ tán. Ló bá ta ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sí i: bí ọwọ́ bá ti pọ̀, kí kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà káàdì náà, kí akọ̀wé máa kọ ìyókù sínú ẹ̀dà.

"Adéṣipẹ́, àwọn tó di ti àkọ́kọ́ mú ńkọ́?" ni mo bi í. "Ṣé ohun tí a ò kọ tán ni wọ́n á máa wò?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sinmi. Ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo panu mọ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, mo sì panu mọ́.

Lóṣù kejì, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́ gbé egbò ẹsẹ̀ wá. Ó sọ fún akọ̀wé pé ara òun kọ̀ pẹnisílínì, ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹnu mọ́ ọn. Akọ̀wé kọ ọ́, àmọ́ inú ẹ̀dà ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Káàdì àkọ́kọ́ ló wà níwájú nọ́ọ̀sì, kò sí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀, ló bá gún un lábẹ́rẹ́ pẹnisílínì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Àṣàkẹ́ ti kú.

Ọkọ rẹ̀, Lápàdé, bíríkìlà ni. Ọ̀gá ilé ìwòsàn dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Àṣìṣe wa ni." Adéṣipẹ́ náà ní, "Àṣìṣe wa ni, bàbá." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Lápàdé ní ká fi káàdì ìyàwó òun han òun. A ṣí méjèèjì sílẹ̀, èyí tó ní ìkìlọ̀ àti èyí tí kò ní. Ó wò wọ́n títí.

"Ta ló ń jẹ́ 'wa'?" ló béèrè. Ó kọjú sí Adéṣipẹ́. "Nígbà tó jẹ́ tìẹ, ó ṣeé tún ṣe. O ò tún un ṣe. Ó ti wá di tiwa báyìí, wíwò ló kù fún mi."

Nọ́ọ̀sì tó ka ohun tí a gbé síwájú rẹ̀ ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Adéṣipẹ́ ríṣẹ́ mìíràn tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ń bí mi sí i di òní, ó sì ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà sọ pé, "Tèmi ló ṣeé tún ṣe, tiwa, wíwò ló kù," ẹni tó fẹ́ fi ohun tí kò tíì pé lé ayé lọ́wọ́ ló ń kìlọ̀ fún. Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tó ba nǹkan jẹ́ tán, tó wá sá sábẹ́ "àṣìṣe wa". Wọ́n ti pa á fún èmi náà rí.