Ìdí Tí Alángbá Fi Ń Dọ̀bálẹ̀ Lára Ògiri

Nígbà láéláé, nígbà tí òrùlé ṣì jẹ́ nǹkan tuntun lójú ẹranko, Alángbá àti àbúrò rẹ̀ jọ ń gbé inú koríko. Orúkọ àbúrò yìí ni Kò-ríbi-gbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀yin náà bá ń sùn lábẹ́ ewé, tí Àṣá ń fi mọ̀lẹ́bí yín jẹun àárọ̀, orúkọ yín lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin kan, Ìyá Awẹ́ró, wá kọ́ ilé sítòsí wọn, ilé amọ̀ tó móoru, tó kún fún ẹ̀fọn. Àwọn méjèèjì lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gba àwọn sílé.

Ìyá Awẹ́ró ní, "Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè gbà mọ́ra. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó sáré láti ìdí igi ọsàn wá síbí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ni ilé. Ẹnì kejì kó má bínú, ìta ni tirẹ̀."

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ẹrẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sáré. Alángbá ní, "Ìgbà òjò ni wọ́n ń kó agbára jọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ná an. Jẹ́ ká lọ bá Ìgbín kó kọ́ wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìgbín wo? Ìgbín tó fi gbogbo òwúrọ̀ kọjá ìdí igi kan?"

"Òun gan-an ni. Ta ló lágbára tó ẹni tó ń ru ilé rẹ̀ kiri? Àbí kì í ṣe ilé là ń wá?"

Ni Kò-ríbi-gbé bá tẹ̀ lé e.

Ìgbín gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Èmi kò lẹ́sẹ̀, ṣé ẹ ti rí i tí mo ṣubú rí? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbéra." Wọ́n wò ó títí ojú fi ń ro wọ́n.

"Ṣé ẹ rí i?"

"A ò rí nǹkan kan, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ó yá ju ojú yín lọ ni."

Ó ní kí wọ́n máa fa òkúta gun òkè. Ó ní kí wọ́n máa fo gbòǹgbò igi. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù ni ìdọ̀bálẹ̀. "Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí àyà kan ilẹ̀. Ẹ dìde. Ẹ tún dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára èjìká wà. Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í dìde níwájú àgbà títí àgbà yóò fi sọ pé ó tó. Ẹni tó bá lọ kí n tó sọ ọ́, gbogbo agbára rẹ̀ yóò ṣàn padà sínú ilẹ̀."

Kò-ríbi-gbé ṣe é títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ń pè mí." Ó lọ, ó jẹun, ó sùn. Ní ọjọ́ kejì ó padà wá, ó ṣe díẹ̀, ìyá rẹ̀ tún pè é. Ìyá kan náà ló bí òun àti Alángbá, ṣùgbọ́n Alángbá kò gbọ́ ìpè kankan.

Alángbá kò lọ síbì kankan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Èjìká rẹ̀ le, ọrùn rẹ̀ ki, ẹ̀jẹ̀ sì sáré gorí rẹ̀ títí orí náà fi pọ́n bí ẹyìn. Bàbá Ọ̀yà ń kọjá lọ, ó rò pé òun ni wọ́n ń kí.

"Ọmọ dáadáa! Wà á dàgbà, wà á dògbó."

Alángbá kò ní èémí tí yóò fi dáhùn. Ó fi orí ṣe àmín.

Nígbà tó yá, òjò dá, ilẹ̀ gbẹ, ọyẹ́ dé. Ẹ sì mọ ohun tí Ìgbín máa ń ṣe bí ilẹ̀ bá gbẹ. Ó wọnú ìkarahun, ó dí ẹnu ọ̀nà pa, ó sùn. Kò sọ pé ó tó.

Nígbà tí ọjọ́ eré pé, gbogbo ẹranko péjọ sídìí igi ọsàn. Alángbá ti ti Ìgbín débẹ̀ pẹ̀lú imú rẹ̀, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá Awẹ́ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kígbe, "Ó yá o!"

Kò-ríbi-gbé bẹ́ sọ́nà.

"Alángbá, sáré!" ni gbogbo wọn ń pariwo.

"Bàbá kò tíì ní ó tó!"

"Bàbá ń sùn!"

"Ṣé kí agbára mi wá ṣòfò ni? Ẹ gbà mí o!"

Àánú ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí ṣe Bàbá Ọ̀yà. Ó bu omi, ó dà á sórí ìkarahun. Ẹnu ọ̀nà là, ìwo kan yọ jáde.

"Òjò ti dé?"

"Ó ti dé, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́!"

Ìgbín wò ó pẹ̀lú ìfẹ́. "O ṣeun tí o tètè dé. Ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ó yá, dọ̀bálẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Alángbá bú sẹ́kún. Inú bí i, ó gbéra. Háà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí eré! Eruku sọ, ewé ọsàn já bọ́, ojú kò lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n bó ti ń dé ẹnu ọ̀nà ni ìrù àbúrò rẹ̀ ń wọlé. Ìyá Awẹ́ró ti ilẹ̀kùn. Alángbá kò lè dúró mọ́, ó fi agbára tó kù sáré gun ògiri títí dé òkè.

Ìyá Awẹ́ró ń sọ nínú ilé pé, "Káàbọ̀. Ọmọńlé ni orúkọ rẹ láti òní lọ." Alángbá ń gbọ́ ọ láti ìta. Ó dùn ún wọra.

Ó wá ronú, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò yẹ kó kọ́. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo lọ kí Bàbá tó ní ó tó. Òun ló fà á." Ó dọ̀bálẹ̀ sára ògiri níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ọmọńlé ti ń gbé inú ilé, tí Alángbá sì ń gbé ìta. Bó bá sáré díẹ̀, á dúró, á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á mi orí rẹ̀ pípọ́n, á máa retí Ìgbín. Ìgbín a sì máa kọjá lábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò. Ó ti gbàgbé.

Èmi fúnra mi ti dúró lábẹ́ ògiri wa rí, mo kígbe pé, "Alángbá, ó tó!" Ó wò mí, ó fi orí ṣe àmín, ó sì tún dọ̀bálẹ̀.